Kọ́kọ́rọ́ Kejì fún Ọkọ̀ Baba Tádé

"Ọwọ́ yìí ń gbọ̀n," ni ọkọ̀ náà wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un gbé."

Baba Tádé mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni pé erùpẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ó sì tún gbé e lé e. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, yíjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ń to àwọn ọ̀gbìn kajú tó ti tò tán láti àná. Ó ń gbé èyí tó wà lọ́tùn-ún lọ sí òsì, ó sì ń gbé èyí tó wà lósì padà sí ọ̀tún, kí ọkọ rẹ̀ má baà rò pé òun ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ tún sọ ohun kan náà. Ó gbọ́ tí Baba Tádé mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ró, tó sì ṣí.

Baba Tádé ní òtútù àárọ̀ yìí pọ̀ jù. Ìbídùn ní bẹ́ẹ̀ ni, òtútù pọ̀ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń fi etí aṣọ nu òógùn nígbà tó ń sọ ọ́.

Wọ́n wọlé, ọkọ̀ sì gbéra. Kò sí ariwo kankan lẹ́nu rẹ̀, oòrùn tó ti mu láti àná ló ń lò. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Alàgbà Jímọ̀ọ́, àwọn méjèèjì ò sì wo ibẹ̀. Igbó ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ Alàgbà kọ ọwọ́ olówó rẹ̀ tó ń gbọ̀n láàárọ̀, tí kò sì sí ọwọ́ mìíràn tó mọ̀. Ó tan iná iwájú rẹ̀, ó dágbére fún Alàgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wa ara rẹ̀ lọ sí ọgbà ìjọba tí wọ́n ń kó ọkọ̀ aláìlólówó sí, pẹ̀lú àpò gààrí kan àti bàtà Alàgbà nínú. Alàgbà ń sá tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀ lásán, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Owó tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà béèrè kí wọ́n tó lè gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún un tó owó oko rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi wá kó o lọ sí Ìbàdàn, sí ilé gogoro kan. Nígbà tí Baba Tádé bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó bi í pé kí ló ń rí níbẹ̀, Alàgbà ní òrùlé àwọn ẹlòmíràn ni.

Tádé, ọmọ tiwọn náà, ti ra àga kan síbi fèrèsé ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti ya àwòrán àga náà ránṣẹ́. Ìbídùn wo àwòrán náà títí, ó ní àga náà dára, ó sì pa fóònù dé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ronú kọ́kọ́rọ́ kejì.

Ó dúró títí wọ́n fi kọjá Ìganná kó tó sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá ti já ọ̀gbìn kajú sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Ìsẹ́yìn, òun fẹ́ kí wọ́n yà sí ilé-epo àtijọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gé kọ́kọ́rọ́, tó sì ń mú kí ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti lọ síbẹ̀ sọ pé owó rẹ̀ ò wọ́n.

Baba Tádé bi í pé ta ló fẹ́ máa lo kọ́kọ́rọ́ kejì.

"Èmi ni," Ìbídùn sọ. "Lọ́jọ́ tí oorun bá ń kùn yín."

Ó retí kí ọkọ rẹ̀ bínú. Baba Tádé di ọwọ́ ìdarí mú títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi yọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ló ń tún ìwakọ̀ rẹ̀ ṣe fún un ní gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yẹ̀. Wọ́n rin ọ̀nà jìnnà kí ó tó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí ewúrẹ́ ń lé kúrò lójú títì," ó wí.

Ìbídùn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àgbò sì ni, kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n jiyàn ọ̀rọ̀ àgbò yìí dé Ìsẹ́yìn, inú Ìbídùn sì dùn, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun ti gbà.

Kò sí ẹni tó ra epo ní ilé-epo náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo ṣì wà ní ìdúró, ojú wọn ti fọ́, ẹyẹ ti kọ́lé sínú ọ̀kan. Abẹ́ òrùlé ńlá náà ni àwọn agékọ́kọ́rọ́ pín láàárín ara wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n wá rí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ awò kékeré kan mọ́ ojú rẹ̀ kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ gbogbo ara okùn rọ́bà ẹ̀rọ epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni sá ata. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bi wọ́n léèrè oko, ó yẹ kọ́kọ́rọ́ Baba Tádé wò, ó sì yẹ ọwọ́ Baba Tádé náà wò láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ó kàn ní ó dára bí wọ́n ṣe wá lónìí, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Ó já kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ lára okùn. Nígbà tó fi èékánná kàn án, kọ́kọ́rọ́ náà fi èdè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ó ń kí wa," Ṣẹ̀gilọlá sọ. "Ọkọ̀ kan tó ti kú ní òkè òkun ni mo ti yọ ọ́. Ó ṣì rò pé ọ̀dọ̀ olówó òun lòún wà."

Ìbídùn béèrè bóyá ó máa dun kọ́kọ́rọ́ náà bí wọ́n bá nu ohun tó rántí kúrò nínú rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá wò ó díẹ̀. Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun máa ń jẹ́ kí ó kíni tán kí òun tó nù ún. Nítorí pé irú kọ́kọ́rọ́ àlòkù bẹ́ẹ̀ ló ń lò, owó tirẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n dúnàá dúrà díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀gbìn kajú ni wọ́n ń tà, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ san lára owó náà, nítorí oòrùn ń pa ìyá òun ní àgbàlá. Ìbídùn lọ ṣa àwọn tó dúró dáadáa fún un nínú èyí tó kù lẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa bu omi sí i títí òjò yóò fi dé.

Gígé irin kọ́kọ́rọ́ kò pẹ́ rárá. Ṣẹ̀gilọlá fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí ẹ̀rọ, iná ta díẹ̀díẹ̀, eyín kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì dọ́gba. Ìbídùn rò pé ó ti parí, ó na ọwọ́. Ṣẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí òun gé yìí lè wọlé, àmọ́ ọkọ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, àlejò lásán ni lójú rẹ̀. Ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi í bọ abẹ́ ọwọ́ ìdarí, ọkọ̀ sì jí.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí n mọ ọwọ́ kejì," ó wí. "Ṣé ti ìdílé ni, àbí ti àjèjì?"

Ṣẹ̀gilọlá yára dáhùn pé ti ìdílé ni. Ó sọ fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé bí wọ́n bá fi lè sọ pé ti àjèjì ni, ilé-iṣẹ́ ni yóò gbọ́, owó ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò sì san. Ti ìdílé rọrùn. Kí ẹni tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ dì í mú, kí ó pe olówó ọkọ̀ lórúkọ, kí olówó ọkọ̀ sì dá a lóhùn. Ọkọ̀ mọ ohùn ẹni tí wọ́n fipá mú yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń dáhùn tọkàntọkàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbídùn di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó dúró tààrà bí ẹni tó fẹ́ ya àwòrán.

"Baba Tádé," ó pè.

"Èmi nìyí," Baba Tádé dáhùn.

"N kò mọ Baba Tádé," ni ọkọ̀ wí.

Ṣẹ̀gilọlá ní orúkọ gan-an ló fẹ́. Ìbídùn ní ó yé òun. Ó tún ìdúró rẹ̀ ṣe, ó gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí ọmọ tó wà nítòsí, ó sì fi oríkì pe ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó bá wù ú kó ṣe nǹkan fún òun. "Àjàmú."

Baba Tádé dáhùn, ẹ̀rín sì wà nínú ohùn rẹ̀.

"N kò mọ Àjàmú," ni ọkọ̀ wí. "Ẹ kíyè sí i. Bí orúkọ tó kàn kò bá tọ̀nà, n kò ní gbọ́ ohùn yìí mọ́ títí ọdún yóò fi yí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Baba Tádé. Ṣẹ̀gilọlá yọ awò ojú rẹ̀.

"Màámi," ó wí, "ṣé kì í ṣe pé ẹ jí bàbá yìí gbé?"

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀gilọlá ní kí wọ́n má bínú, àwàdà ni òun ń ṣe. Ó ní nílé àwọn, Lékè ni òun ń pe bàbá òun láti kékeré, Lékè náà ni ìyá òun ń pè é, nítorí bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe Dádì títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Màámi ṣáà pe orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀, kí àwọn kúrò lórí rẹ̀.

Ìbídùn mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ojú ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, kì í ṣe ní gbangba nìkan, ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó la ẹnu. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí ìjókòó ọkọ̀ rọra, ó ní òun ń bọ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ epo náà, ó kọjú sí ògiri.

Ó ronú àga tó wà nídìí fèrèsé. Ó ronú ọkọ rẹ̀ nínú àga náà, tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìganná. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló dí àwọn lọ́wọ́. Ó tún gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ògiri. Kò jáde.

Baba Tádé wá bá a níbẹ̀. Ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sínú àpò. Ó ní bó bá jẹ́ ìtìjú ni, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó dà á láàmú. Àwọn ìyàwó ilé tó kọ́ ọ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kò sí èyí tó kù láyé láti bá a wí. Ìbídùn mi orí. Ó ní kì í ṣe ìtìjú. Ó ní ohun kan wà tí òun kò sọ fún un rí, kì í ṣe pé òun fi pamọ́, ó kàn jẹ́ pé kò sí ìgbà tó yẹ kí òun sọ ọ́.

Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré ní Òkè-Ihò, ìyá òun náà kì í pe bàbá òun lórúkọ. Ẹ̀yin ni ó máa ń pè é, tàbí Baba Ìbídùn. Ní ọjọ́ kan, bàbá òun ṣubú ní ìdí iṣu. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, àwọn ènìyàn yí i ká. Ìyá òun wá bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ń pè é.

"Akínpẹ̀lú ló ń pè," Ìbídùn sọ. "Akínpẹ̀lú, Akínpẹ̀lú. Mo wẹ̀yìn, mo rò pé àlejò kan ló wọlé. N ò mọ̀ pé orúkọ bàbá mi nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn, kò sì dáhùn."

Baba Tádé sún mọ́ ọn.

"Ohun tí mo mọ orúkọ ọkọ sí nìyẹn," ó tún sọ. "Èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ de ọjọ́ náà. Bí mo bá ti lo tiyín tán lónìí nítorí kọ́kọ́rọ́, kí ni màá fi pè yín padà?"

Àwọn ẹyẹ tó wà nínú ẹ̀rọ epo ń ké. Ní ọ̀ọ́kán, Ṣẹ̀gilọlá ń gbé ọ̀gbìn kajú rẹ̀ bọ́ sí ibòji, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Baba Tádé yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àpò. Ó wò ó bó ṣe ń gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò wò ó níwájú ìyàwó rẹ̀ láì wá nǹkan mú.

"Òtútù kọ́," ó wí.

"Mo mọ̀," Ìbídùn dáhùn.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Èèyàn tó ń to ọ̀gbìn kan náà ní àràárọ̀." Ó fi ọwọ́ náà kan apá ìyàwó rẹ̀, apá Ìbídùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. "Gbọ́ mi. Mi ò mọ ohun tí ọjọ́ náà yóò jẹ́. Bó bá dé, pe ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Àmọ́ mo dúró níwájú rẹ báyìí. Pè mí nísinsìnyí tí mo lè dá ọ lóhùn."

Ìbídùn nu ojú rẹ̀. Ó ní bí òun bá wá pè é tán ńkọ́.

"Màá dáhùn," Baba Tádé sọ. "Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Wọ́n jọ padà sídìí ọkọ̀. Ṣẹ̀gilọlá nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ìbídùn mú kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró bí ẹni tó fẹ́ ya àwòrán, kò sì wo ọkọ̀. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Orúkọ náà kọ́kọ́ jáde bí èémí lásán, ọkọ̀ sì ní òun kò gbọ́, kí wọ́n gbé ohùn sókè. Ìbídùn gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun oko, tó ń pe ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì pé oúnjẹ ti délẹ̀.

"Oyèlàmí."

Nínú ìjọ, Baba Tádé ni. Ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀, Baba Tádé ni. Àwọn ọmọ ń pè é ní Baba, àwọn ẹ̀rọ sì ń pè é ní Olówó Mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹnu kan tó pe orúkọ yìí bí ẹni tó fẹ́ kó wá. Ó dáhùn kí ó tó mọ̀ pé òun ti dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rí bí ohùn ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Èmi rèé," ó wí. "Èmi rèé o."

Iná aláwọ̀ ewé tàn lórí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn, ó sì gbóná díẹ̀ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

"Ó tọ̀nà," ọkọ̀ wí. "Mo ti mọ ọwọ́ méjì. Ọwọ́ wo ni yóò wà mí lọ sílé?"

Ṣẹ̀gilọlá ti ń ká okùn rẹ̀, kò gbé orí sókè. Ìbídùn na kọ́kọ́rọ́ tuntun náà sí ọkọ rẹ̀. Ó ní kí ó wà á, ojú ọ̀nà ṣì mọ́lẹ̀, òun kò tíì ṣetán. Baba Tádé kò gbà á. Ó fi ọwọ́ kan orí ọkọ̀ níwájú, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára, ó rìn yípo lọ sí ilẹ̀kùn kejì, ó sì ṣí i.

Ó jókòó síbi tí kò jókòó sí rí nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé orúnkún sí. Ìbídùn nà kọjá àyà rẹ̀, ó bá a fa bẹ́líìtì, ó sì bá a dè é, ó rọra tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà há a láyà. Nígbà tó wá di ọwọ́ ìdarí mú, ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ rẹ̀. Ó kàn gbéra ni.

Kí wọ́n tó jáde ní Ìsẹ́yìn, Baba Tádé ti sọ fún un pé kò yára, ó ti sọ fún un pé ó ń yára jù, ó ti na ìka sí gbogbo kòtò tó wà lójú títì. Ìbídùn ní bó bá tún na ìka sí kòtò kan, òun yóò já a sílẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ rìn. Baba Tádé ki ọwọ́ bọ àpò. Ọ̀nà tẹ́jú, oòrùn ti ń tẹ̀ sí apá Ìganná, gbogbo ewé kajú tó kù lẹ́yìn ọkọ̀ ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́.

"Tún mi pè," Baba Tádé sọ.

Ìbídùn bi í pé kí ló fẹ́, ṣé omi ni.

"Rárá. Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ dáhùn ni."

Ìbídùn mú ojú lé ọ̀nà. Ó jẹ́ kí wọ́n gun òkè kékeré kan tán, nítorí kò fẹ́ kí nǹkan méjì pa pọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí rẹ̀, tí ọ̀nà tún tẹ́jú, ó pè é.